Tòkunbọ̀ Ọ́fíìsì ni àbí Èyí Tí A Tò Fúnra Wa? Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì

Ọ̀kun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́fà la mú lóṣù yìí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn: owó ò tó, kọ̀ǹpútà sì ti di dandan. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gba ìdáhùn.

Owó tí mo tù jọ kò pọ̀. Ẹnìkan ní kí n ra tòkunbọ̀ tó pé, ẹlòmíì ní kí n máa ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tò ó fúnra mi. Prógráàmù ni mo fẹ́ máa fi kọ, pẹ̀lú AutoCAD tí a fi ń ya àwòrán iṣẹ́, àti géèmù díẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà

Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì ni kí o rà, àbúrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun kì í lo kọ̀ǹpútà títí yóò fi kú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ tà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé òmíràn. Ìyẹn ló fà á tí odindi Dell tàbí HP, tòun ti prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ rẹ̀), RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ sí), háàdì dísìkì (ibi ìpamọ́) àti kéèsì, fi lè wà ní iye tí kò tó ra mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) àti prósẹ́sọ̀ tuntun lásán. Àṣẹ Windows rẹ̀ náà sábà máa ń wà nínú mọ́dàbọ́ọ̀dù látilẹ̀, o ò ní í ra ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹni tó ń to tirẹ̀ kò lè bá iye yẹn figẹ̀ wọngẹ̀.

Ibòmíràn ni èyí tí a tò ti ń borí. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló jẹ́ ti gbogbo ayé. Power pack rẹ̀, àpótí tó ń fún un níná, ní ẹnu onípíìnì 24 tí gbogbo mọ́dàbọ́ọ̀dù ọjà ń lò, bí ó bá sì jó lónìí, wàá rí òmíràn ní Lọ́kọ́ja, ní Ìlọrin tàbí ní Computer Village n'Íkẹjà, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀. Dell, HP àti Lenovo ti ọ́fíìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹnu wáyà tirẹ̀ tí kì í ṣe onípíìnì 24 yẹn rárá. Mọ́dàbọ́ọ̀dù wọn kì í wọ inú kéèsì ẹlòmíràn, power pack ọjà kì í sì í wọ inú tiwọn. Ẹ̀yà tí kò wọ́pọ̀ yìí ni wàá máa wá kiri lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, owó ọkọ̀ láti Kàbà lọ bọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀yà náà. Wáyà kékeré kan wà tó ń so power pack onípíìnì 24 mọ́ ẹnu Dell tàbí HP. Kí o tó sanwó kọ̀ǹpútà, béèrè bóyá wáyà ti irú rẹ̀ wà lọ́jà.

Nítorí náà, tower ni kí o rà, èyí tó dúró lóòró tó sì fẹ̀, má ra pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF. Tower ní àyè fún háàdì kejì, ó ní ihò tó ga tó fún graphics card gidi (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde), power pack rẹ̀ sì sábà máa ń lágbára ju ti SFF lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìran prósẹ́sọ̀. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ẹ̀wẹ̀ kò gba Intel Core i3, i5 tàbí i7 tí kò bá tó ìran kẹjọ, àfi díẹ̀ péré, ó sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí ó yẹ kí o há sórí ni Dell OptiPlex 3060, 5060 àti 7060. HP EliteDesk 800 G4. Lenovo ThinkCentre M720. Wàá rí Core i5-8500 nínú púpọ̀ nínú wọn, core mẹ́fà (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́) ló ní. Kíyè sí i: OptiPlex 3050 àti 7050 jọ 3060 àti 7060 bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìran kẹfà tàbí ìkeje ló wà nínú wọn. Oníṣòwò tó bá ní "ọ̀kan náà ni wọ́n" kò mọ̀ ọ́n, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó máa díbọ́n.

RAM 16GB ni kí o fojú sí, kí ó jẹ́ 8GB méjì, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan. Graphics tó wà nínú prósẹ́sọ̀ kò ní mẹ́mórì tirẹ̀; inú RAM ló ti ń jẹ, ẹnu ọ̀nà méjì sì yá ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. SSD 256GB (ibi ìpamọ́ tó yá ju háàdì dísìkì lọ) fún Windows àti AutoCAD, kí háàdì dísìkì àtijọ́ tó bá a wá di ibi ìkó-nǹkan-sí. Bí owó bá há, jẹ́ kí RAM dúró sí 8GB ná, má fi SSD du ara rẹ. Kọ̀ǹpútà ìran kẹjọ tó ń lo háàdì dísìkì yóò máa fà bí ìgbín, wàá sì rò pé prósẹ́sọ̀ ni kò dáa.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mú flash tí o ti fi Linux Mint (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà bíi Windows) sí dání. Tan kọ̀ǹpútà, kí o máa tẹ F2 bí ó bá jẹ́ Dell, F10 bí ó bá jẹ́ HP, F1 bí ó bá jẹ́ Lenovo, títí wàá fi wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ inú mọ́dàbọ́ọ̀dù. Bí ó bá béèrè password tí oníṣòwò kò mọ̀, dìde níbẹ̀. Inú BIOS yìí ni orúkọ prósẹ́sọ̀ àti iye RAM gan-an wà, má gba ti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú kéèsì gbọ́. Wo déètì. Bí ó bá ń padà sẹ́yìn lọ́dún nígbàkígbà tí wọ́n bá yọ iná, bátìrì CR2032 ló kú, ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Fi flash tan án, kí ó wà lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí o sì ki nǹkan bọ gbogbo ihò USB lọ́kọ̀ọ̀kan, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí Windows bá ti wà lórí rẹ̀, ní kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera háàdì wò: "Good" là ń wá níbẹ̀. Bí ó bá kọ "Caution", háàdì yẹn ti ń múra ìrìn àjò, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò. Ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì, kí o tan iná fóònù sórí àwọn ohun rúbúrúbú bí agolo tín-ín-rín tó dúró lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù. Kápásítọ̀ nìyẹn. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí orí rẹ̀ wú, tàbí tí nǹkan ràkọ̀ràkọ̀ dúdú ti ṣàn sídìí rẹ̀, ti ń kú lọ.

Kí o tó ná owó tán: nínú ₦10 tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, ₦6 ni kí kọ̀ǹpútà gbà, ₦2 fún mónítọ̀, ₦2 tó kù fún UPS, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì. Gbogbo ẹni tó bá ná ₦10 sórí kọ̀ǹpútà nìkan ló ń padà wá yá owó UPS lẹ́yìn tí iná bá ti lọ nígbà kẹta tí háàdì sì ti bàjẹ́.

Ṣé o ò wá gbọdọ̀ tò ó rárá ni? Bí géèmù àti AutoCAD onígun mẹ́ta bá máa di iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ rẹ, tí o sì lè máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, títò dára jù. Ryzen 5 5600G ni ká fi bẹ̀rẹ̀: core mẹ́fà, thread 12 (iye iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan), wátì 65, graphics ti wà nínú rẹ̀, fáànù rẹ̀ sì máa ń wà nínú páálí tuntun. Mọ́dàbọ́ọ̀dù B550 tàbí A520, RAM DDR4 3200 8GB méjì, NVMe 500GB (irú SSD kan), power pack 550W tí ó ní àmì 80 Plus (ti èyí tí kì í fi iná ṣòfò) láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí a mọ̀. Graphics card á dé nígbà tí owó bá dé. Kéèsì ni kí o ti rẹ́ owó, má rẹ́ ẹ lára power pack. Iná aláwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tó ń ṣẹ́jú níwájú kéèsì kì í bá ni ya àwòrán. Power pack fúfẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ 600W sí lára, àmọ́ tí kò wúwo ju ìṣù kékeré lọ, lè kú kó sì gbé mọ́dàbọ́ọ̀dù lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ta Core i7 fún mi fún àwọn ọmọ. Oníṣòwò ní kò sí i5 tó lè sún mọ́ ọn. Òótọ́ ni?
Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ má dá a lóhùn, sà, títí yóò fi ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 náà fún yín. i7-2600 jáde ní 2011: core mẹ́rin, thread mẹ́jọ. i5-8500 jáde ní 2018: core mẹ́fà. i3-12100, tí orúkọ rẹ̀ kéré jù lẹ́nu, jáde ní 2022 pẹ̀lú core mẹ́rin àti thread mẹ́jọ, ó sì na i7-2600 yẹn nànà gidi. Nọ́ńbà tó ṣíwájú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni ìran: 2 nínú 2600, 8 nínú 8500, 12 nínú 12100.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún kọ̀ǹpútà "géèmù" tí wọ́n ti tò sílẹ̀ nínú kéèsì onígíláàsì, tí ó jẹ́ Xeon E5 (prósẹ́sọ̀ sáfà àtijọ́) lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù X79 tàbí X99. Core rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, ó ń jẹ iná, kò sì ní graphics nínú. Lọ́jọ́ tí graphics card rẹ̀ bá kú, ojú mónítọ̀ ti ṣú nìyẹn. Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, i5 ìran kẹjọ àti RAM 8GB tó wọn.

Mo ní ibi tí a ti ń tẹ ìwé tí a sì ń bá àwọn ọmọ ṣe ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo fẹ́ rà. Ẹnìkan ń fi àwọn kékeré kan hàn mí, tí kò ju ìwé ńlá lọ. Ínfátà 1kVA àti bátìrì 12V 200Ah kan ni mo ní, iná NẸ́PÀ ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣé àwọn kékeré yìí á lè ṣe é?
Ìyá oníṣòwò, Ìsánlú

Wọ́n á ṣe é dáadáa, ìyá wa. Àwa gan-an ìbá ra àwọn kékeré náà fún iṣẹ́ yín. Dell ń pè é ní Micro, HP ń pè é ní Mini, Lenovo ń pè é ní Tiny. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Bátìrì 12V 200Ah jẹ́ 2,400 wátì-wákàtí. Bí ó bá jẹ́ ti ásíìdì, ẹ má lò ju ìlàjì rẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í pẹ́ kó tó gbó. Ó ku 1,200. Ínfátà á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di iná ilé. Ẹ fi 1,000 ṣe ìṣirò. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń tẹ ìwé tó sì ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ju wátì 25 lọ, mónítọ̀ LED ínǹṣì 22 á gba bí 20. Wátì 45 ni ti ẹyọ kan, 135 ni ti mẹ́ta. Ẹ fi 135 pín 1,000: wákàtí méje àti díẹ̀. Tower àtijọ́ mẹ́ta pẹ̀lú mónítọ̀ wọn lè jẹ bí wátì 240, bátìrì kan náà á sì gbé wọn fún bí wákàtí mẹ́rin. Bí wákàtí mẹ́ta ni ìyàtọ̀ yẹn.

Ẹ má fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser sórí ínfátà tàbí UPS yìí o. Nígbà tó bá ń gbóná láti lẹ ìnkì mọ́ ìwé, ó lè fa ọgọ́rùn-ún wátì lọ́nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á sì kú pa. Iná NẸ́PÀ tàbí jẹnẹrétọ̀ ni kó wà. Bákan náà, UPS tí wọ́n kọ 650VA sí kì í ṣe 650W. Ó sábà máa ń wà láàárín 325W sí 400W, ìṣẹ́jú mélòó kan ló sì máa fún yín, kì í ṣe wákàtí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ráyè fi ìwé tí ẹ ń tẹ̀ pamọ́.

Àǹfààní kan wà tí oníṣòwò kì í sábà sọ. Kọ̀ǹpútà kékeré yìí kò ní power pack nínú. Àdápítọ̀ bí ti alágbèéká ló ń lò, ti Dell àti HP jẹ́ 19.5V, ti Lenovo Tiny jẹ́ 20V tí ẹnu rẹ̀ rí bí onígun mẹ́rin. Bí àdápítọ̀ kú, àdápítọ̀ alágbèéká onírú ẹnu kan náà, tí wátì rẹ̀ tó, ló máa rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà bóyá 65W tàbí 90W ló ń béèrè. Dell máa ń yẹ àdápítọ̀ wò bóyá ojúlówó ni. Bí kò bá dá a mọ̀, á máa kìlọ̀ nígbà tí ẹ bá tàn án, ó sì lè dín iyára prósẹ́sọ̀ kù. RAM rẹ̀ náà jẹ́ ti alágbèéká, SO-DIMM ni kí ẹ béèrè.

Àléébù rẹ̀ méjì péré la ó sọ. Fáànù rẹ̀ kékeré, eruku ọyẹ́ ti ọ̀dọ̀ wa yìí sì máa ń dí i. Lóṣù méjì-méjì nígbà ọyẹ́, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ fi ìka di fáànù mú kí ó má yí, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré tó gbẹ gbá eruku inú àwọn páànù tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí fáànù máa sáré nígbà tí ẹ ń fẹ́ ẹ, ó lè ba ara rẹ̀ jẹ́. Èkejì: ẹni tó bá fẹ́ jí i lè fi sínú báàgì obìnrin. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ oníwáyà, ẹ so wọ́n mọ́ tábìlì.

Bí ẹ bá ń yan prósẹ́sọ̀, i5-8500T tó. T yẹn ń sọ pé wátì 35 ni wọ́n ṣe é fún.

OptiPlex 7050 pẹlẹbẹ ni a ní ní ilé ìjọsìn wa, i5-7500, RAM 8GB. A fẹ́ máa gbé ìsìn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì ń wá graphics card sí i. Wọ́n ní RX 6400 kì í jẹ iná.
Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Mọ̀pà

Òótọ́ ni pé kì í jẹ iná, wátì 53 ni. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe ohun tó ń ká fídíò jọ fún ìgbéjáde sínú RX 6400, iṣẹ́ tí ẹ tìtorí ẹ̀ ń wá a gan-an ni kò lè ṣe. Pẹ̀lú ìyẹn, ọ̀nà mẹ́rin péré ni káàdì náà ń gbà bá mọ́dàbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ti yín sì jẹ́ PCIe 3.0 (ìran àtijọ́ ti ihò káàdì), á tún máa lọ́ra sí i.

i5-7500 yín ti ní ohun tí ẹ ń wá. Intel Quick Sync, tó ń ká fídíò jọ, wà nínú graphics rẹ̀. Ẹ lọ sínú OBS (ètò tí a fi ń gbé fídíò jáde), ní Settings, ní Output, ibi tí wọ́n kọ Encoder sí, ẹ yí i kúrò lórí x264 sí QuickSync. Ẹ fi 720p ṣe é ná bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá lágbára. Lẹ́yìn náà ẹ fi 8GB kejì kún RAM. Owó graphics card, ẹ fi ra SSD àti máíkìrófóònù tó dáa, torí ohùn tó ń họ kùrùkùrù ló ń lé àwọn olùwòran lọ.

Bí ẹ bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ ra káàdì, méjì ni kí ẹ wò. Kí ó jẹ́ low profile, torí èyí tó ga kò ní wọ kéèsì yín. Kí ó má sì béèrè wáyà iná lọ́tọ̀, torí ihò ara mọ́dàbọ́ọ̀dù kì í fúnni ju wátì 75 lọ, power pack yín kò sì ní wáyà yẹn. GTX 1650 low profile tí kò ní ihò wáyà, tàbí Nvidia T600, bọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá ra T600, mini DisplayPort ni ẹnu rẹ̀, ẹ ra ohun tí ń sọ ọ́ di HDMI mọ́ ọn.

Mo tò ó fúnra mi: Ryzen 5 5600, mọ́dàbọ́ọ̀dù B450, RAM 16GB ẹyọ kan, NVMe 500GB, power pack 500W. Graphics card ò tíì dé. Fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n "No signal" ni mónítọ̀ ń kọ. Mo ti yọ gbogbo rẹ̀ tò lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé mọ́dàbọ́ọ̀dù ti jó ni?
Ọ̀dọ́mọkùnrin, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má tíì bàjẹ́ rárá. Lẹ́tà G kan ló dá gbogbo ìyọnu yìí sílẹ̀. 5600G ní graphics nínú, 5600 kò ní. Ihò HDMI ẹ̀yìn mọ́dàbọ́ọ̀dù rẹ dúró fún prósẹ́sọ̀ tó bá ní graphics. Lọ́dọ̀ tìrẹ, ihò lásán ni. Yá graphics card ẹnikẹ́ni, kì báà ṣe ti ọdún 2012, ki káàdì náà bọ ihò tó gùn, kí o sì ki HDMI bọ ẹ̀yìn káàdì náà. (Intel ní irú ọ̀fìn yìí pẹ̀lú: i5-12400 ní graphics, i5-12400F kò ní.)

Bí ó bá ṣì ṣú lẹ́yìn ìyẹn, wo iná kékeré mẹ́rin tó máa ń wà létí mọ́dàbọ́ọ̀dù, tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá tàn tí kò kú ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

CPU ló tàn? B450 jáde kí Ryzen 5000 tó jáde. Èyí tó bá ti pẹ́ lórí igbá kò mọ prósẹ́sọ̀ rẹ, àfi kí wọ́n sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun. Bí ó bá ní bọ́tìnnì BIOS Flashback lẹ́yìn, o ò nílò prósẹ́sọ̀ mìíràn: gba fáìlì BIOS láti ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fún nọ́ńbà mọ́dàbọ́ọ̀dù rẹ gẹ́lẹ́, kí o fi sórí flash tí o ti fọ́máàtì sí FAT32, kí o sọ fáìlì náà ní orúkọ tí ìwé rẹ̀ ní kí o sọ ọ́, kí o ki flash náà sínú ihò USB tí wọ́n sàmì sí, kí o sì di bọ́tìnnì mú títí iná á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Má fi iná NẸ́PÀ lásán ṣe èyí. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, BIOS á bàjẹ́. Lórí UPS ni kó wà. Bí bọ́tìnnì kò bá sí, alátùn-únṣe tó ní Ryzen 2000 tàbí 3000 ló máa bá ọ ṣe é. Yẹ wáyà onípíìnì mẹ́jọ tó ń lọ sí òkè mọ́dàbọ́ọ̀dù náà wò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Láìsí i, fáànù á yí, kò ní tàn.

DRAM ló tàn? Yọ RAM, fi í padà sínú ihò kejì láti ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀ bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, kí o sì tẹ̀ ẹ́ títí etí rẹ̀ á fi dún kẹ́. Ìró yẹn ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú àwọn RAM tí wọ́n ń sọ pé ó "bàjẹ́" ni kò tíì wọlé tán.

Níwọ̀n bí o ti tú u lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan ń kọ wá lóminú. Prósẹ́sọ̀ AM4, irú tìrẹ yìí, ní píìnì lábẹ́. Bí ìda tó wà láàárín òun àti fáànù bá ti tutù, ó máa ń lẹ̀. Ẹni tó bá fa fáànù sókè tààrà á fa prósẹ́sọ̀ yọ mọ́ ọn bí sọ́kẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ṣì wà ní títì, píìnì á sì tẹ̀. Tan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó lọ́ wọ́rọ́, pa á, yọ wáyà, tú ìdè fáànù, kí o yí fáànù náà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kí o tó gbé e. Gbé prósẹ́sọ̀ sí iwájú ojú rẹ bí ẹni ń wo etí ọ̀bẹ. Gbogbo ìlà píìnì gbọ́dọ̀ tò láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá tẹ̀, fi ẹnu pẹ́ńsù olóòjé tó ṣófo bọ̀ ọ́ lórí, kí o rọra gbé e dìde, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, á kán. Nu ìda àtijọ́ kúrò, fi tuntun bí ẹyọ ẹ̀wà kan sí àárín.

Nígbà tí ó bá tàn, ra 16GB kejì onírú kan náà, wọ BIOS, kí o tan XMP tàbí DOCP. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, RAM 3200 á máa sáré ní 2133 tàbí 2400, owó ìyókù á sì ṣòfò.

Mo ra tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Bí mo ṣe ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló bú gbàù, èéfín sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ó tán nìyẹn?
Olùkọ́, Odò-Ẹ̀rẹ̀

Ẹ wo ẹ̀yìn power pack náà, nítòsí ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Ẹ máa rí suwíìṣì pupa kékeré kan tí nọ́ńbà 115 hàn lójú rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà nìyẹn. Tiwa jẹ́ 230V. Nígbà tí suwíìṣì bá wà ní 115, power pack máa ń ṣe ìlọ́po méjì iná tó wọlé. Ó wá ṣe ìlọ́po méjì 230 yín, kápásítọ̀ méjì tí wọ́n ṣe fún 200V lẹ́nì kọ̀ọ̀kan gba ohun tó ju 300V lọ, wọ́n sì bẹ́.

Ó lè má tíì dé ọ̀dọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù, nítorí ìhà ibi tí iná ti ń wọlé ni ìbúgbàù náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn pààrọ̀ fíúsì inú rẹ̀ kí wọ́n tún tàn án. Ẹ pààrọ̀ odindi power pack, kí ẹ sì fi ti ẹlòmíràn dán mọ́dàbọ́ọ̀dù wò kí ẹ tó rà á. Bí tuntun náà bá ní suwíìṣì yìí, ẹ fi ìgbẹ́yìn bírò tì í sí 230 kí wáyà tó kàn án, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn lójú kí ọmọdé má baà tún un tì padà. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí lára kò ní suwíìṣì, ó ń yí ara rẹ̀. Ẹ yẹ mónítọ̀ tó bá a wá wò lẹ́yìn pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ 100-240V, ṣùgbọ́n ẹ kà á kí ẹ tó kì í bọ iná.